Ẹ Má Tíì Rojọ́ Fún Babaláwo

Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dá Ifá kì í dé ọ̀dọ̀ babaláwo kó máa rojọ́. Yóò kí wọn pé, “Àbọrú, àbọyè,” yóò jókòó sórí ẹní, yóò sì fa owó yọ. Owó ẹyọ ni wọ́n ń fà yọ nígbà kan, ó di kọ́bọ̀ àti ṣílè, lónìí náírà oníbébà ni. Á gbé owó náà súnmọ́ ẹnu, á wá rọra sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn sí i: oyún tó ń bàjẹ́ lára ìyàwó, ilẹ̀ tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń bá ara wọn fà, ìrìn àjò tí ẹsẹ̀ ń lọ́ra láti rìn. Babaláwo tó jókòó níwájú rẹ̀ kò gbọ́, kò sì ní béèrè. Owó ni yóò gbà, yóò gbé e kalẹ̀, yóò fi ọ̀pẹ̀lẹ̀ kàn án, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìdákẹ́ yìí ló wù mí kí n ṣàlàyé, nítorí òun la tètè máa ń fò dá tí a bá ń sọ̀rọ̀ Ifá lóde òní. Ohun méjì làwọn èèyàn sábà máa ń fi gbé Ifá ga báyìí. Èkíní ni pé ní ọdún 2005, àjọ UNESCO kéde Ifá dídá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ àtẹnudẹ́nu tó ta yọ láàárín aráyé, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkójọ ogún ìbílẹ̀ aráyé ní 2008. Èkejì ni pé ìṣirò Ifá bá ti kọ̀ǹpútà mu: oókan àbí eéjì, lójú mẹ́jọ, kó jẹ́ 256, iye Odù, ìyẹn àmì Ifá. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fàbọ̀ síbẹ̀ dà bí àlejò tó dé agbo onílù, tó wá ń yin igi tí wọ́n fi gbẹ́ ìlù. Odù 256 kò tíì sọ nǹkan kan fún ẹni tó wá. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ká lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń jáde.

Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ń lò lójoojúmọ́. Ẹ̀wọ̀n tàbí okùn ni, tí wọ́n so èèpo èso mẹ́jọ mọ́, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Babaláwo á mú un láàárín, á jù ú sílẹ̀ kí apá méjèèjì lè tẹ́ sílẹ̀ lọ́gbọọgba. Èyí tó bá ṣí inú sókè jẹ́ oókan, èyí tó bá dojú bolẹ̀ jẹ́ eéjì. Bó bá ti balẹ̀ báyìí, Odù ti jáde. Kò tó nǹkan tí à ń dúró dè.

Ikin ni tàgbà. Èkùrọ́ mẹ́rìndínlógún ni, tí wọ́n ṣà lábẹ́ ọ̀pẹ Ifá, tí ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé mẹ́rin tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó fi yàtọ̀ sí èkùrọ́ tí à ń pa jẹ. Ikin kì í yá bí ọ̀pẹ̀lẹ̀. Awo á kó gbogbo rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, á wá fi ọwọ́ ọ̀tún gbá wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ikin pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ kan lè gbá tán lọ. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù, á tẹ eéjì sórí ìyẹ̀rosùn tó wà lójú ọpọ́n. Bí méjì bá ṣẹ́kù, á tẹ oókan. Bí kò bá sì ṣẹ́kù rárá, tàbí tó ṣẹ́kù ju méjì lọ, kò kà, á tún un gbá. Ìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹjọ ni Odù tó pé. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi gbé ikin síta fún ọ̀rọ̀ kéékèèké. Ọ̀rọ̀ ìlú, ọ̀rọ̀ ọba, ìtẹ̀fá, ọmọ tuntun tí ẹbí fẹ́ mọ ẹsẹ̀ tó fi wáyé, ọdún Ifá: irú ìwọ̀nyí ni ikin ń dá sí.

Apá ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ń tẹ̀, òun náà ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń pè. Bí ọ̀tún àti òsì bá rí bákan náà, ojú Odù ni: Èjì Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú Méjì, Ìwòrì Méjì, Òdí Méjì, títí kan Òfún Méjì tó ṣe ìkẹrìndínlógún. Ètò ẹ̀gbọ́n àti àbúrò láàárín wọn yàtọ̀ díẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Igba ó lé ogójì tó kù ni àmúlù. Bí Ogbè bá wà lọ́tùn-ún tí Ògúndá wà lósì, Ogbè Ògúndá nìyẹn, tí àwọn awo tún ń pè ní Ogbèyọ́nú. Àwọn tó fẹ́ràn ìṣirò á ti rí i pé bí ọ̀pẹ̀lẹ̀ kò bá ṣe ojúsàájú, nínú ẹ̀ẹ̀mẹrìndínlógún tí a bá jù ú, ẹ̀ẹ̀kan la lè retí ojú Odù. Ibí ni àwọn oníkọ̀ǹpútà máa ń pàtẹ́wọ́ dé. Ibí náà sì ni iṣẹ́ babaláwo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Nínú Odù kọ̀ọ̀kan ni ẹsẹ wà, kò sì sẹ́ni tó lè ka iye wọn tán. Ẹsẹ Ifá ní bó ṣe ń rìn. A óò kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ awo àtijọ́ tó dá Ifá, lẹ́yìn náà ẹni tí wọ́n dá a fún. Ó lè jẹ́ èèyàn, ó lè jẹ́ ẹyẹ, ìjàpá, odò tàbí odidi ìlú. A óò gbọ́ ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹbọ tí wọ́n ní kó rú, bóyá ó rú u àbí ó kọtí ikún, àti ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Kí babaláwo tó sọ ohunkóhun nípa ìwọ tó o jókòó síwájú rẹ̀, ìtàn ẹni tó ti kọjá lọ ni yóò sọ. Ẹnì kan ti wà rí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí báyìí, tó ṣe báyìí, tó sì já sí báyìí.

Àwọn awo fúnra wọn máa ń sọ pé ẹni tí kò bá tíì mọ ẹsẹ mẹ́rìndínlógún nínú Odù kọ̀ọ̀kan, kò tíì tó ẹni tí à ń pè ní babaláwo. Ẹ ṣírò rẹ̀: 4,096 ẹsẹ ni, lórí, láìsí ìwé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wande Abimbola, tó ṣe gíwá Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1982 sí 1989, tó sì ti jẹ oyè Àwíṣẹ Awo Àgbáyé láti 1981, ti kọ púpọ̀ nípa ẹ̀kọ́ yìí: ọmọ kékeré ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, á máa sin ọ̀gá, á máa ja ewé, á máa gbá ilé, á máa ka ọ̀pẹ̀lẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fi dá Odù mọ̀, ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló sì máa ń gbà. Nígbà tí mo bá rí àwọn tó fi oṣù mẹ́ta kọ́ Ifá, tí wọ́n ti so ìdè mọ́ ọwọ́, tí wọ́n ń gba àlejò láti Àtìláńtà, ohun tó ń wá sí mi lọ́kàn ni pé ẹsẹ mélòó ni wọ́n ní nínú Òtúúrúpọ̀n Ìká.

Odù ti jáde báyìí. Awo á bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ó lè kì ẹsẹ mẹ́ta, ó lè kì márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ń gbọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin tí oyún ń bàjẹ́ lára rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀, tí ẹsẹ kan wá mẹ́nu ba àgbẹ̀ tí ẹyẹ ń ṣa irúgbìn rẹ̀ jẹ kó tó hù. Awo kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oyún ló gbé obìnrin náà wá, obìnrin náà ló mọ̀. Òun ni yóò dá awo dúró pé, “Bàbá, ẹ dúró níbẹ̀ yẹn.” Ká ní oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ ò tà ló gbọ́ ẹsẹ kan náà, òun náà lè dá wọn dúró níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ kí wọ́n kọjá lọ sí òmíràn. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó gbé ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938 tó sì gbé ìwé ńlá kan jáde lórí Ifá ní 1969, rí èyí kedere. Ó kọ ọ́ pé ẹni tó wá béèrè ló ń yan ẹsẹ tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu, nítorí òun nìkan ló mọ ohun tó bi Ifá. Ẹnu awo ni ẹsẹ ti ń jáde, etí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ló sì ń di ìdáhùn.

Bí ọ̀rọ̀ kò bá tíì yé, ìbò ń bẹ. Owó ẹyọ méjì tí wọ́n so pọ̀ lè dúró fún bẹ́ẹ̀ ni, kí eegun kékeré kan dúró fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n á kó wọn fún ẹni tó wá, á pò wọ́n pọ̀ lọ́wọ́, á wá di ọ̀kan sọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan sọ́wọ́ òsì. Awo kò mọ èyí tó wà níbì kan. Á ju ọ̀pẹ̀lẹ̀, Odù tó bá jáde ni yóò sọ ọwọ́ tó yẹ kó béèrè. Bí wọ́n ṣe ń bi í nìyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ṣé ire ni? Ire wo ni: àìkú, ajé, ọkọ tàbí aya, ọmọ, ìṣẹ́gun? Àbí ibi ni? Ikú ni, àrùn ni, ẹjọ́ ni, òfò ni? Ẹni tó di ìbò ló ń ṣí ọwọ́.

Ẹ wo bí àwọn tó dá ètò yìí sílẹ̀ ṣe dínà mọ́ awo. Wọn kò jẹ́ kó gbọ́ ìbéèrè. Wọn kò jẹ́ kó yan Odù, èso ló yàn án. Wọn kò jẹ́ kó mọ ọwọ́ tí ìbò wà. Nígbà tó sì kan ibi tí ìtumọ̀ ti fẹ́ jáde, wọ́n gbé e fún ẹni tó wá béèrè. Mo mọ̀ pé ẹnìkan lè ní, “Nílùú kékeré, ta ni ò mọ̀ pé ìyàwó Làmídì ò tíì bímọ?” Bẹ́ẹ̀ ni. Babaláwo kì í ṣe àlejò ládùúgbò, òun náà ń gbọ́ òfófó, ó sì lè mọ ẹsẹ tí yóò kọ́kọ́ kì. Ètò kankan kò lè sé ìyẹn pátápátá. Ṣùgbọ́n ètò yìí mọ̀ pé bó ti wù kí ó rí, ẹni tó ń bá èèyàn wádìí ọ̀rọ̀ á fẹ́ fi ẹnu rẹ̀ gbè é lẹ́yìn, ó sì gbìyànjú láti dá a lẹ́kun.

Àwọn ọ̀nà ìwádìí mìíràn tó wà láàárín wa kò rí bẹ́ẹ̀. Wòlíì á ní òun rí ìran, á sì sọ ìran náà fún ẹ, ó ku ìwọ àti àdúrà. Dókítà gbọ́dọ̀ bi ẹ́ pé kí ló ń ṣe ẹ́, ẹni tí kò bá dáhùn ló ń bá ara rẹ̀ jà. Àáfáà tó ń tẹ yanrìn ló súnmọ́ Ifá jù lọ: àmì mẹ́rìndínlógún, ìlà mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, oókan àbí eéjì. Ìyekan ni wọn dájúdájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó kọ́ lọ́dọ̀ ẹnì kejì. 

Ó wá kan òde òní.

Ìwé kọ́ ló ba Ifá jẹ́. Mo ń sọ èyí nítorí pé àwọn àgbà awo kan ṣì ń fapá jánú sí ìwé, bí ẹni pé ìwé ló jí Ifá kó. Kí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún tó parí, E. M. Lijadu, ajíhìnrere ṣọ́ọ̀ṣì ní Oǹdó, ti jókòó ti babaláwo láti kọ ẹsẹ sílẹ̀. Ìwé Abimbola, Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá, jáde ní 1968, ọ̀pọ̀ ọmọ awo ló sì kà á. Ní Cuba, níbi tí òkun ti ya awo nípa kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó lè rán wọn létí, ìwé àjákọ ni wọ́n fi pa Odù mọ́ láti ọwọ́ bàbá dé ọwọ́ ọmọ. Wọ́n sọ àwọn ìtàn inú ẹsẹ di Sípáníìṣì, kí ẹni tó wá béèrè lè gbọ́. Ní Brazil, níbi tí àwọn babaláwo ti ń kú láìsí arọ́pò, ẹ̀rìndínlógún, ìyẹn owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún, ló gba ipò iwájú. Bàbá Martiniano do Bonfim ti ìlú Bahia wà lára àwọn babaláwo tó kẹ́yìn níbẹ̀. Wọ́n bí i ní 1859, bàbá rẹ̀ mú un wá sí Èkó ní ọ̀dọ́, ibẹ̀ ló sì ti kẹ́kọ̀ọ́. Ó kú ní 1943. Ká ní ìwé wà lọ́wọ́ wọn bíi ti àwọn ará Cuba ni, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ohun èlò Ifá kò gbọdọ̀ rìn jìnnà. Ọpọ́n Ifá kan wà ní ìlú Ulm ní Jámánì. Ó ti débẹ̀ kí ọdún 1659 tó parí, nínú ẹrù tí oníṣòwò kan kó jọ, ó sì ti rìn jìnnà ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ.

Fóònù náà kọ́ lọ̀tá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí WhatsApp ló yẹ ká wò dáadáa. Ẹni tó fẹ́ béèrè á kọ́kọ́ fi ohùn ránṣẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́fà, méje: orúkọ rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀, ọkọ tó lọ, ẹni tó fura sí, iye tó jẹ ní báǹkì. Á fi fọ́tò tì í. Babaláwo á gbọ́ gbogbo rẹ̀, á ní kó sanwó sí àkáǹtì, lẹ́yìn náà ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ níwájú kámẹ́rà. Gbogbo ilẹ̀kùn táwọn baba wa tì, wọ́n ti ṣí i sílẹ̀ kí Odù tó jáde. Bí Odù náà bá wá bá ọ̀rọ̀ mu rẹ́gí, kí ló yani lẹ́nu níbẹ̀? Ó yẹ kó bá a mu. Ẹni tó kì í ti mọ ibi tó ń lọ.

Mi ò dá babaláwo nìkan lẹ́bi. Àwa tó ń lọ bá wọn ti kọ́ àṣà mìíràn ní ilé ìwòsàn, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní báǹkì, níbi tó jẹ́ pé ẹni tí kò bá rojọ́ kò ní rí ìrànlọ́wọ́. A dé ọ̀dọ̀ awo, a ń ṣe bákan náà. Bí awo bá ní ká dákẹ́, a lè rò pé kò bìkítà. Àtúnṣe rẹ̀ kò sì le. Ẹni tó wà ní London tí awo rẹ̀ wà ní Ìsẹ́yìn lè pa gbohùngbohùn fóònù, kó bá owó ọwọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó tún un tàn, kó ní, “Ó ti tó, Bàbá.” Ìbò ni yóò gba ìrònú díẹ̀, nítorí ẹni tó wà lókèèrè ló gbọ́dọ̀ di í. Òun náà ṣeé ṣe: owó ẹyọ méjì àti eegun kékeré kan kò ṣòro láti rí nílùú òyìnbó.

Ẹbọ ní tirẹ̀ kò ní ìṣòro tó báyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun làwọn èèyàn máa ń bẹ̀rù jù. Obì, epo, ẹyẹlé, aṣọ tí èèyàn wọ̀, owó, oúnjẹ tí wọ́n pín fún ará ilé: ohun tí ẹsẹ bá dárúkọ ni. Ní Amẹ́ríkà, ìlú Hialeah ní Florida ṣe òfin ní 1987 láti dí ẹbọ ẹlẹ́ran lọ́wọ́, nígbà tí ìjọ àwọn ẹlẹ́sìn Lukumí, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà tó ti Cuba wá, fẹ́ ṣí ilé ìsìn síbẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé òfin náà ní 1993, gbogbo adájọ́ ló sì fẹnu kò. Nílé níbí náà, ìjọba ti ń fàyè gba ẹ̀sìn ìbílẹ̀: ìjọba Ọ̀ṣun ló kọ́kọ́ ń fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe tó ń bọ́ sí ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ. Ní 2023, Èkó, Ògùn àti Ọ̀yọ́ náà fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi. Àwọn tí bàbá wọn sọ Fágbémi di Jésùgbémi ti ń dá Fá padà. Ó dára. Ìsinmi ọjọ́ kan kò ní kí ẹnikẹ́ni mọ ẹsẹ sí i.

Ibi tí mo ti ń ronú gan-an ni Ifá ìta gbangba. Nígbà tí odidi ìlú bá fẹ́ bi Ifá ní nǹkan, ìbéèrè kò lè jẹ́ àṣírí mọ́. Ní oṣù Kìíní 2025, wọ́n kéde Aláàfin Ọ̀yọ́ tuntun, Ọba Akeem Abimbola Owoade, lẹ́yìn tí ìtẹ́ ti ṣófo láti ìgbà tí Ọba Lamidi Adeyemi Kẹta ti wàjà ní oṣù Kẹrin 2022. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abimbola sọ ní gbangba pé Ifá làwọn bi, àti pé Ifá náà ló mú Owoade. Àríyànjiyàn kò dáwọ́ dúró síbẹ̀, àwọn kan nínú Ọ̀yọ́ Mèsì, ìyẹn àwọn afọbajẹ, ní àwọn kò fọwọ́ sí i. Mi ò mọ ẹjọ́ wọn dá. Ohun tí mo rí ni pé tí gbogbo ayé bá ti mọ ìbéèrè, tí wọ́n sì mọ orúkọ àwọn tó ń du ipò, ojú gbogbo èèyàn á fi Odù sílẹ̀, wọ́n á máa wo ọwọ́ ẹni tó di ọ̀pẹ̀lẹ̀. Láyé àtijọ́ náà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà yan ọba ní ọ̀pọ̀ ìlú, ìjà sì wà nígbà náà pẹ̀lú.

Ifá ọdún náà ń bẹ. Ní Cuba, àwọn babaláwo máa ń pé jọ nígbà tí ọdún ń kú lọ, kí wọ́n lè gbé Odù ọdún tuntun jáde fún orílẹ̀-èdè wọn, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ fún aráyé kà. Ní Òkè Ìtasẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, awo máa ń ti ibi gbogbo wá síbi ọdún Ifá àgbáyé ní oṣù Kẹfà, wọ́n á dá Ifá fún gbogbo ayé. Àwọn àgbà ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Ọrọọrún ni wọ́n wí, wọn ò ní ọdọọdún. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbà pé ọdún ní tirẹ̀ náà. Ohun tó sábà máa ń dé etí ará ìlú lẹ́yìn ayẹyẹ bẹ́ẹ̀ ni orúkọ Odù àti àkójọ ìkìlọ̀: ẹ ṣọ́ra fún iná, ẹ tọ́jú ìyá yín, ẹ má bínú. Ta ni irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ kò bá mu? A ti bá àwọn èèyàn yan ẹsẹ, a ti bá wọn túmọ̀ rẹ̀, a wá gbé àjẹkù fún wọn.

Èdè ló sì wà nídìí rẹ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ tí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ń ṣe nídìí Ifá, etí ló fi ń ṣe é, ẹni tí kò bá gbọ́ ohùn ẹsẹ kò lè dá awo dúró níbikíbi. Kì í ṣe ará Àtìláńtà nìkan. Ọmọ Èkó tó jẹ́ pé Yorùbá tó fi ń na ọjà nìkan ló gbọ́ á jókòó síwájú babaláwo, á gbọ́ orúkọ awo àtijọ́ tó gùn bí ìlà, á máa wo aago, títí awo á fi ṣàánú rẹ̀ tó sì ní, “Ohun tí Ifá ń wí ni pé…” Láti ibẹ̀ lọ, awo ti di ẹni tó ń yàn fún un. Àwọn ará Cuba borí eléyìí nípa sísọ ìtàn náà ní èdè tí èèyàn wọn gbọ́. Àwa tí èdè ṣì wà lẹ́nu wa la kò tíì ṣe tó.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ó yẹ kí àwọn awo Òkè Ìtasẹ̀ yí bí wọ́n ṣe ń kéde padà. Kí wọ́n tẹ odidi ẹsẹ mẹ́fà tàbí méje nínú Odù tó bá jáde, pẹ̀lú àmì ohùn, kí wọ́n sì fi àlàyé ọ̀rọ̀ tó bá le sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Kí wọ́n gbé ohùn ẹni tó kì í sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgé e kúrú. Kí wọ́n fi ìkìlọ̀ sílẹ̀ ní tiwọn, tàbí kí wọ́n jẹ́ kó dé lẹ́yìn oṣù kan. Oníṣòwò ní Bódìjà, akẹ́kọ̀ọ́ ní Manchester àti awakọ̀ tó ń sùn sí gáràjì lè gbọ́ wọn, kí kálukú yan èyí tó kàn án, láìsọ fún ẹnikẹ́ni èyí tó yàn.